Ọ̀pá Méjì ní Òkè Ìdáàṣà: Ìtàn Ìfọ́jú Odò àti Ẹ̀rọ Ìríran Tuntun

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìròyìn kan dé láti Yúróòpù pé àwọn oníṣègùn ojú ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹ̀yìn ẹyinjú àwọn àgbàlagbà tí kò lè kàwé mọ́, àti pé púpọ̀ nínú wọn tún ti ń dá lẹ́tà mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó dé Lèma. Àwọn kan gbọ́ ọ lórí rédíò. Àwọn ọmọ tó ń kàwé ní Cotonou fi ránṣẹ́ sílé lórí fóònù. Àwọn àgbà wa tí ojú wọn ti lọ tipẹ́tipẹ́ sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: «Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ mọ̀wé, ṣé èyí kàn wá?»

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún nínú òkùnkùn kò yẹ ní ẹni tí a ó fi ìrètí èké tàn. Òtítọ́ ni ó tọ́ sí wọn, òtítọ́ náà sì gba ìtàn. A ní láti kọ́kọ́ sọ bí ìfọ́jú ṣe ti odò wá sí ilẹ̀ wa, àti bí a ṣe lé e sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tí ẹ̀rọ tuntun ń fún ẹni tó gbà á, àti ohun tí kò lè fún un.

Òkè àti odò

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Ìdáàṣà. Àwọn baba ńlá wa fi àpáta ṣe odi. Nígbà tí ogun Dahomey ń jà káàkiri ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, orí òkè ni àwọn ènìyàn wa sá sí, níbi tí olùṣọ́ ti lè rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí ìlú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: àwọn tó kọ́lé sórí àpáta fi òwe yìí ṣe ìwà hù.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà tí olùṣọ́ orí òkè kò lè rí. Odò Ouémé ń ṣàn ní ìlà-oòrùn wa, odò Zou sì ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn. Níbi tí omi bá ti ń sáré gba orí àpáta kọjá, eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbun bí ti abuké, a máa yé ẹyin sí ara òkúta àti ewé tó wà nínú omi. Kò dà bí ẹ̀fọn, tí omi adágún tẹ́ lọ́rùn. Omi tí ń sáré ni ìdin tirẹ̀ fi ń mí. Àwọn onímọ̀ mọ irú rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì fún ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ Bẹ́fà, odò ilẹ̀ Benin tí ń ṣàn lọ bá Ouémé. Ẹ wo irú ọlá tí orúkọ odò wa ní nínú ìwé àwọn onímọ̀!

Ojú ọ̀sán ni eṣinṣin yìí ń jẹni. Ó ń jẹ àgbẹ̀ lóko etídò, ó ń jẹ apẹja, ó ń jẹ obìnrin tó lọ pọnmi. Bí ó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹni kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ọmọ aràn láti ara rẹ̀ lọ sí ara ẹlòmíràn. Aràn náà a dàgbà nínú kókó kékeré lábẹ́ awọ, a sì máa gbé níbẹ̀ fún ọdún 10 sí 15. Abo rẹ̀ ń bí àìmọye ọmọ, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ń rìn káàkiri nínú awọ ara. Ara a máa yún ẹni náà tọ̀sán-tòru. Àwọn Yorùbá Ìbàràpá ní Nàìjíríà ń pe ìyún yìí ní ìnárun. Nígbà tí àwọn ọmọ aràn bá kú sínú ojú, ìjà tí ara ń bá òkú wọn jà ni ó ń ba ojú jẹ́. Ó lè fi àpá sí iwájú ẹyinjú. Ó sì lè ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, níbi tí awọ fẹ́lẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ wà, èyí tí èdè Faransé ń pè ní rétine, àti iṣan tí ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ iṣan yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Kì í ṣe ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń fọ́ni lójú. Ìjẹ ọdún púpọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù létí odò, tó sì pẹ́ jù níbẹ̀, ni ó sábà ń fojú san gbèsè, ní àsìkò tí agbára rẹ̀ ṣì pé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì kéré.

Ọ̀pá àkọ́kọ́

Gbogbo ẹni tó dàgbà ní àgbègbè odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ ọ̀pá yìí. Ọmọdé di orí kan mú níwájú, àgbà di orí kejì mú lẹ́yìn, àwọn méjèèjì a sì jọ máa lọ. A ti fi bàbà ṣe ère wọn: ọ̀kan wà ní Ouagadougou, òmíràn wà ní Geneva níwájú Àjọ Ìlera Àgbáyé, òmíràn sì wà ní Washington ní Bàǹkì Àgbáyé. Àlejò a máa dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Ní tiwa, a kò nílò ère kí a tó rántí.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí rẹwà, ọ̀pá náà sì bá a mu. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ìtàn, a gbọ́dọ̀ sọ iye tó náni. Àárọ̀ tí ọmọ náà fi di ọ̀pá mú ni àárọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wà nílé ìwé. Ojú baba lọ, ìwé ọmọ sì bá a lọ. Àrùn kan ṣoṣo fọ́ ojú ìran méjì.

A kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ẹni tí kò ríran kò wúlò mọ́. Àwọn afọ́jú ilé wa ń ṣẹ́ àgbàdo, wọ́n ń hun okùn, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń ki oríkì tí àwa tó ríran ti gbàgbé. Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ olúkúlùkù nínú agbo ilé. Ohun tí odò gbà lọ́wọ́ wọn ni òmìnira: láti dá oko lọ, láti dá ọjà ná, láti mọ ẹni tó dúró níwájú wọn kí ó tó fọhùn.

Ọdún 28 lórí omi

Ní ọdún 1974, ètò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láti Ouagadougou láti gbógun ti ìfọ́jú odò. Orílẹ̀-èdè 7 ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, tiwa, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, sì jẹ́ ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, Bàǹkì Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn nínú Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n para pọ̀ gbé e ró. Kò tíì sí oògùn tí a lè fún gbogbo ìlú láìséwu. Nítorí náà, odò ni wọ́n dojú kọ. Hẹlikọ́pítà a máa fò lórí omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa da oògùn tí ń pa ìdin eṣinṣin sí ibi tí omi ti ń sáré.

Ìṣírò wọn kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Bí aràn bá lè gbé ọdún 10 sí 15 nínú ara ènìyàn, a ní láti dí ọ̀nà eṣinṣin fún iye ọdún bẹ́ẹ̀, kí aràn àgbà tó kú tán láìní àrólé. Bí a bá dáwọ́ dúró ní ọdún karùn-ún, iṣẹ́ ọdún márùn-ún bá omi lọ. Wọ́n tún rí i pé afẹ́fẹ́ lè gbé eṣinṣin náà la ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kọjá, láti odò tí a kò tọ́jú wá sí odò tí a ti tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí ètò náà fi gbòòrò lọ sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, títí ó fi di orílẹ̀-èdè 11.

Nígbà tí ó parí ní ọdún 2002, ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ni pé a ti gba ènìyàn 600,000 lọ́wọ́ ìfọ́jú, pé a bí ọmọ mílíọ̀nù 18 sí ilẹ̀ tí ewu yìí kò sí mọ́, àti pé ilẹ̀ oko mílíọ̀nù 25 hẹ́kítà tún ṣeé gbé, tó sì ṣeé ro.

Ọ̀pá kejì

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni oògùn dé. Satoshi Ōmura rí kòkòrò tín-ín-rín kan nínú yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Japan. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà sì yọ oògùn ivermectin láti inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2015. Ní Dakar, ní ọdún 1981, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn fún àrùn yìí. Ní ọdún 1987, Merck kéde pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn yóò máa fúnni, iye tí a bá nílò, fún gbogbo ìgbà tí a bá fi nílò rẹ̀. Mectizan ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ní abúlé.

Oògùn náà ń pa ọmọ aràn, ṣùgbọ́n kò pa aràn àgbà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a ní láti gbé e mì, fún ọdún 10 sí 15, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 80 nínú 100, ó kéré tán. Ta ni yóò máa rántí? Ta ni yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ọdún kẹsàn-án, nígbà tí ara kò yún ẹnikẹ́ni mọ́, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé àrùn ti lọ? Ọ̀nà tí wọ́n rí ni pé kí ìlú fúnra rẹ̀ yan àwọn tí yóò pín in, nínú àwọn ọmọ ìlú.

Ohun èlò wọn ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ọ̀pá kan. Kò sí ìwọ̀n tí a ń gbé rìn láti abúlé dé abúlé. Gíga ni wọ́n fi ń mọ iye tó tọ́ síni. Ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 119 a gba hóró 1. Ẹni 120 sí 140 a gba 2. Ẹni 141 sí 158 a gba 3. Ẹni 159 sókè a gba 4. Ọmọ tí kò tó 90 kò gbà, aboyún kò gbà. Ẹni a dúró ti ọ̀pá, wọn a wò ó, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì gbé oògùn rẹ̀ mì níṣojú wọn.

Ọ̀pá méjì nìyí, tí ìtàn wa wà láàárín wọn. Ọ̀pá àkọ́kọ́ ni ọmọ fi ń fa baba. Ọ̀pá kejì ni a fi ń wọn ọmọ, kí ó má baà fa ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó ti Paris wá

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rọ náà. Ìtàn rẹ̀ gùn ju bí rédíò ti sọ lọ. Ní ọdún 1755, oníṣègùn Faransé kan, Charles Le Roy, ta iná mànàmáná sí orí ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan. Ojú rẹ̀ kò là, ṣùgbọ́n ó rí ìmọ́lẹ̀ bí ọwọ́ iná. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ lè hàn sí ọpọlọ láìgba ojú wọlé. Ní England, ní ọdún 1968, Brindley àti Lewin fi ẹ̀rọ oníná sí ara ọpọlọ obìnrin afọ́jú kan, ó sì rí àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké.

Paris kó ipa nínú ìtàn náà. Ilé ìwòsàn ojú kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Quinze-Vingts, tí Ọba Louis kẹsàn-án dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1260 fún afọ́jú 300. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èdè méjèèjì nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ogún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Faransé àtijọ́ ń ka nǹkan ní ogún-ogún bí àwa náà ti ń kà á. Ọ̀ọ́dúnrún ni. Ilé ìwòsàn yìí wà lára àwọn tó kópa nínú ìdánwò ẹ̀rọ Argus II, èyí tí ilé-iṣẹ́ Second Sight ti Amẹ́ríkà ṣe. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní ọdún 2011, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2013.

Àwọn tí àrùn ìdílé kan ti pa rétine wọn díẹ̀díẹ̀ ni a ṣe Argus II fún. Ẹni náà a wọ awò ojú tí kámẹ́rà kékeré wà lára rẹ̀. Kámẹ́rà a fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan ní ìbàdí. Èyí a sọ ọ́ di àmì iná, a sì fi ránṣẹ́ láìsí okùn sí ẹ̀rọ tó wà nínú ojú, tó ní ojú iná 60. Ọgọ́ta ni gbogbo àmì tí ó lè tàn. Àwòrán tí fóònù kékeré ń yà ní ju mílíọ̀nù lọ.

Kí wá ni ẹni tó gbà á ń rí? Kò rí ojú ọmọ rẹ̀. Kò rí àwọ̀ aṣọ. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, etí ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé, ìlà funfun lórí títì. Ó mọ̀ pé ẹnì kan kọjá níwájú òun, kò mọ ẹni náà. Ó sì gba oṣù púpọ̀ kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń ka àwọn àmì náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti ń kọ́ ábídí.

Àwọn onímọ̀ bi àwọn tó gbà á léèrè nípa ìgbé ayé wọn. Nínú ohun 6 tí wọ́n ń wọ̀n, àwọn tí ìfọ́jú ti dà láàmú rí ìtura nínú 3: ẹ̀rù pé wọn yóò fara pa dín kù, wọ́n ń rọ́jú gbé ìnira ayé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń ṣe ojúṣe wọn dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n nínú 3 tó kù, àyípadà kan kò hàn: rírí ìrànlọ́wọ́, kíkópa nínú ìgbòkègbodò, àti níní ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí èyí. Ẹ̀rọ lè fi ẹnu ọ̀nà hàn ọ́. Kò lè mú kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Ẹ̀rọ tó dé etí wa ní ọdún 2025 yàtọ̀. PRIMA ni orúkọ rẹ̀, Paris sì ni ilé-iṣẹ́ Pixium Vision tó kọ́kọ́ gbé e dìde wà. Mìlímítà 2 ní 2 ni gbogbo fífẹ̀ rẹ̀, ojú iná 378 sì wà lórí rẹ̀. Awò ojú ni ó ń ta ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí sí i. Ènìyàn 38 ni a fi í sí lójú, ní orílẹ̀-èdè 5 ní Yúróòpù, gbogbo wọn sì ti pé ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ogbó ti pa àárín ojú wọn. Nínú àwọn 32 tí a tún yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, 26 ń dá lẹ́tà mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́nà tó hàn gbangba. Ènìyàn 19 ní ìṣòro ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì kí àwọn tó ṣe é.

Nígbà tí olùtọ́jú bá lọ

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí rédíò kò sọ. Ní ọdún 2019, Second Sight dáwọ́ Argus II dúró. Ní ọdún 2020, owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Àwọn tó gba ẹ̀rọ náà, tí iye wọn ju 350 lọ káàkiri ayé, ṣì ní in nínú ojú. Ní ọdún 2022, ìwé ìròyìn IEEE Spectrum tú u síta pé nígbà tí ẹ̀rọ àwọn kan nínú wọn bàjẹ́, kò sí ẹni tí wọn yóò ké sí. Òkùnkùn tún dé lẹ́ẹ̀kejì. Ilé-iṣẹ́ Retina Implant ti Jámánì, tó ṣe ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́, ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọdún 2019. Pixium Vision pàápàá kò lè dá dúró mọ́. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Science Corporation, ra PRIMA.

Kì í ṣe pé a fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé ojú ènìyàn ń fẹ́ ìtọ́jú fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọjà kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wé iṣẹ́ odò. Ọdún 28 ni àwọn tó ń tọ́jú omi fi dúró. Ọdọọdún ni àwọn tó ń pín oògùn fi ń padà wá. Agbára iṣẹ́ wọn kò sí nínú ọgbọ́n oògùn nìkan. Ó wà nínú pé wọn kò lọ.

Ìdáhùn wa

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ bi wá bóyá èyí kàn yín. Ìdáhùn àkọ́kọ́ korò. Ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀yìn ojú ṣiṣẹ́ nílò iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Iná tí ẹ̀rọ bá tàn, iṣan yìí ni yóò gbé e lọ. Ìfọ́jú odò sì sábà máa ń pa iṣan yìí. Àrùn ìdílé tàbí ti ogbó ni a ṣe àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fún, a kò ṣe wọ́n fún ojú tí odò fọ́. A kò ní purọ́ fún yín.

Ìdáhùn kejì ni pé kì í ṣe odò ló fọ́ gbogbo ojú. Cataracte, àrùn tí ń fi funfun bo inú ẹyinjú, wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àgbà, iṣẹ́ abẹ tí kì í tó wákàtí kan sì lè là á. Ẹni tí a ti pè ní afọ́jú odò láti ọdún pípẹ́ láìjẹ́ pé oníṣègùn yẹ ojú rẹ̀ wò rí lè wà lára wọn. Ohun tó kàn wá nínú ẹgbẹ́ yìí ni kí a rí i pé kò sí àgbà kan ní Lèma tí a kò yẹ ojú rẹ̀ wò. Èyí kò nílò ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè. Ọkọ̀, owó díẹ̀ àti ọmọ tí yóò sinni lọ ló nílò.

Ìdáhùn kẹta jẹ́ ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Benin ti ṣẹ́gun trachome, àrùn ojú mìíràn tí ń fọ́ni lójú. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó jẹ́rìí pé Niger, aládùúgbò wa, ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fòpin sí ìfọ́jú odò. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà. Bí apín-oògùn bá dé ojúlé yín, ẹ má sọ pé ara yín yá. Ẹ dúró ti ọ̀pá.

Kí ẹ sì gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ẹ lọ jókòó ti àwọn tó di ọ̀pá àkọ́kọ́ mú, baba lẹ́yìn, ọmọ níwájú, kí ẹ gba ìtàn wọn sílẹ̀. Ọmọ tó fa baba nígbà náà ti di àgbà báyìí. Ẹni tí kò mọ ohun tí odò gbà lọ́wọ́ ilé rẹ̀ kò ní mọ ìdí tí òun fi ń gbé hóró oògùn mì lọ́dọọdún, ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Igi gogoro náà kò tíì wó. Òkèèrè ni kí a ti máa wò ó.